Kí Ẹ Tó Kúrò ní Ilé-Ìwé Yẹn, Ẹ Béèrè Ìwé Yín

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú yín ti ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ láti Jakande, ẹ kú ìdúró, ẹ kú sùúrù. Ọlọ́run á mú wa délé o. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ pàtẹ sí Ajah, ẹ̀yin oníkórópe tí ẹ ń na Badore àti Láńgbàsà, ẹ kú òwò.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ìwé kíkà o. Ìwé tí ilé-ìwé ń kọ nípa ọmọ ni mò ń sọ: transcript, lẹ́tà, káàdì èsì, rìsíìtì. Ọmọ fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé kan, ó fẹ́ lọ sí òmíràn. Ta ni kó lọ bá? Kí ni kó sọ? Bí wọ́n bá ní kó lọ, kó padà wá lọ́la, kí ni kó ṣe?

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ará Lekki àti Ajah nínú èyí. Ó kàn wá gan-an ni. Agbègbè tiwa yìí, èèyàn kì í pẹ́ lójú kan níbẹ̀. Owó ilé ń lé wa kiri. Ẹni tó ń gbé Phase 1 níjọ́sí ti di ará Ṣàngótẹ̀dó, ará Ṣàngótẹ̀dó sì ti ń wo ọ̀nà Ìbẹ̀jú. Bí bàbá bá sì kó ẹrù, ọmọ náà á kó báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ti àwọn ọmọ fásitì tún yàtọ̀. Ẹ rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì, tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Òbí tó lágbára bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè fún ọmọ rẹ̀ ní fásitì aládàáni. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, SSANU àti NASU, náà yanṣẹ́ lódì fún oṣù mélòó kan lọ́dún yẹn kan náà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni fáìlì wà. Ọmọ tó fẹ́ sá fún ìyanṣẹ́lódì ń wá ìwé lọ ní ọ́fíìsì tí ìyanṣẹ́lódì tì pa.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ kókó ọ̀rọ̀ náà o, nítorí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Chevron kò ní gbọ́ ìyókù. Kókó náà nìyí: ẹnu la fi ń kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, lẹ́tà la fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún un sọ. Ẹnu la fi ń kí i, lẹ́tà la fi ń béèrè.

Kí nìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọ jí ní ìdájí, ó wọkọ̀ láti Ajah dé Ọbáléndé, ó tún wọ òmíràn lọ sí ilé-ìwé rẹ̀. Ó dé ẹnu fèrèsé ọ́fíìsì.

"Ẹ káàsán mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, kí lo fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, transcript mi ni mo wá gbà. Mo fẹ́ ṣe transfer."

"Ọ̀gá ò sí níjòókòó. Máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ti lọ fún ìsinmi. Ó tún padà wá, wọ́n ní iná ò sí. Bí ẹ bá wá bi òṣìṣẹ́ yẹn lẹ́yìn oṣù kan pé ṣé ọmọ yìí wá, kò ní rántí rẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé ó burú. Èèyàn tó ń kí i lóòjọ́ pọ̀ ju èyí tí orí lè gbà lọ. Kò kúkú sí nǹkan kan lórí tábìlì rẹ̀ tó jẹ́ orúkọ ọmọ náà. Gbogbo owó ọkọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà ló mú lọ ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò le. Akọ̀wé àgbà fásitì, ẹni tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísítírà, lẹ máa kọ ọ́ sí, kó sì gba ọwọ́ HOD, olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, kọjá. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìgbaniwọlé gẹ́lẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà mátíríìkì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ọdún tí ẹ wà. Ẹ sọ ìwé tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ẹ sì sọ ọjọ́ tí ilé-ìwé tuntun yẹn ní kó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì sí i. Ó tán. Ẹ má kọ ìtàn ìdí tí ẹ fi ń lọ. Ẹ má sọ pé olùkọ́ kan ń ṣenúnibíni sí yín, ẹ má sọ pé họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn kò dára. Lẹ́tà tó ń béèrè ìwé, ìwé ni kó béèrè.

Ẹ tẹ lẹ́tà yìí ní ẹ̀dà méjì. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú un délé. Òǹtẹ̀ yẹn lè má dùn ún wò. Ó lè jẹ́ pé yíǹkì inú páàdì ti fẹ́ẹ́ gbẹ, kó jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ RECEIVED ló máa hàn, kí ìdajì tó kù ṣú bàìbàì. Kò burú. Bí déètì bá ṣáà ti hàn, ẹ ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ kò sí lára àwọn tó kàn yọjú sí fèrèsé mọ́.

Àwọn òbí kan á ní, "Ha, ṣé wọn ò ní rò pé a ò fọkàn tán wọn? Ṣé kò jọ ìwà àfojúdi?" Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe béèrè rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di àfojúdi. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó bá yẹ bẹ́ẹ̀, kó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí tèmi náà, kí n lè fi han bàbá mi nílé pé mo dé ibí." Ta ni yóò bínú sí ìyẹn? Ìkíni kò dí lẹ́tà lọ́wọ́, lẹ́tà náà kò dí ìkíni lọ́wọ́. Ẹ má sì fojú di akọ̀wé kékeré tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà o. Nínú ọ́fíìsì ńlá, kì í ṣe ọ̀gá ló ń gun àkàbà lọ wá fáìlì.

Ó yá, kí ni ẹ fẹ́ gbà gan-an? Transcript lolórí, ìwé tó kó gbogbo máàkì ọmọ jọ láti ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ fásitì tún máa ń béèrè lẹ́tà láti ilé-ìwé àkọ́kọ́ pé wọn kò lé ọmọ náà, pé kò sì ní ẹjọ́ kankan nílẹ̀. Ẹ tún bẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín fún ìwé tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ yín nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn kì í ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ilé-ìwé tuntun máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà pé ẹ kò ní láti tún kọ́ọ̀sì kan ṣe.

Ohun tó máa ń bí àwọn ọmọ nínú rèé. Wọ́n á sanwó transcript tán, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lé àwọn lọ́wọ́, ilé-ìwé á ní rárá, àwọn á fi ránṣẹ́ fúnra àwọn. Ọmọ á ní, "Ṣé kì í ṣe máàkì mi ni?" Máàkì rẹ ni o, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fún ọ ní máàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ l'Ékòó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé Olúwọlé. Ìgbà kan wà tí èèyàn lè wọ Olúwọlé ní Erékùṣù Èkó láìní sáfíkéètì kan, kó jáde pẹ̀lú méjì. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, tú àṣírí bí òun ṣe gba dìgírì ní ilé-ìwé kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí òun sì fi ìwé náà ṣe àgùnbánirọ̀. Ọdún tuntun kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi dá gbígba dìgírì láti Benin àti Togo dúró. Àwọn ọmọ tó jókòó kàwé wọn níbẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta mẹ́rin jẹ gàrí, bá wọn jẹ nínú ìyà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì fi ń dí ìwé yín, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà tiyín lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá máàkì kan sọnù.

Bí ẹnì kan ní ẹnu géètì bá wá sọ pé òun mọ èèyàn nínú, pé kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín fà á yá, ẹ dákun, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ọ̀pọ̀ fásitì ló ti gbé títọrọ transcript sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, UNILAG wà lára wọn. Èyí dùn mọ́ wa nínú, àwa tí a wà ní ìhà ibí, torí ọ̀nà Ajah sí Akoka kì í ṣe eré. Àmọ́ pé ẹ sanwó lórí fóònù kò ní kí ẹ má kọ lẹ́tà. Ẹ tẹ rìsíìtì ìsanwó jáde, ẹ so ó mọ́ lẹ́tà náà.

Gbèsè ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó le jù rèé. Ilé-ìwé tí ẹ jẹ ní gbèsè kò ní yára wá fáìlì yín. Bẹ́ẹ̀ gbèsè náà lè máà jẹ́ owó ilé-ìwé rárá. Ìwé ilé ìkàwé tí ọmọ yá lọ́dún àkọ́kọ́, tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà náà, lè dá kílíáráǹsì dúró. Kọ́kọ́rọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọn kò dá padà náà lè ṣe é. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ìwé, ẹ lọ bá akápò ilé-ìwé, ẹ ní kó kọ iye tó wà lọ́rùn yín sílẹ̀. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ o, kì í ṣe kó fẹnu sọ ọ́. Mo ti rí i tí òbí àti akápò ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí owó tí òbí ti san tipẹ́, tó jẹ́ pé rìsíìtì báńkì kan ṣoṣo ló parí ìjà náà. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ jọ ṣàdéhùn bí ẹ ó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ yẹ orúkọ wò pẹ̀lú. Bí NIN bá ní Adéọlá Grace, tí WAEC ní Grace Adéọlá, tí ilé-ìwé ju Grace nù, ẹ tún un ṣe ní ilé-ìwé àkọ́kọ́ kí ẹ tó kúrò. Bó bá gba kí ẹ búra ní kọ́ọ̀tù, ẹ lọ búra.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ JAMB, àjọ tó ń bójú tó ìgbaniwọlé sí fásitì. Kí ló kan JAMB nínú ọ̀rọ̀ láàárín fásitì méjì? Ó kàn án gidi. Ní Nàìjíríà, kò tó kí rẹ́jísítírà kan jọ̀wọ́ ọmọ kí èkejì sì gbà á. JAMB gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìṣípòpadà náà, kó sì fún ọmọ ní lẹ́tà ìgbaniwọlé tó jẹ́ orúkọ ilé-ìwé tuntun. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń gba ojú òpó wọn tó ń jẹ́ CAPS ṣe ìgbaniwọlé, ohun tí kò bá sí níbẹ̀, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ló rí lójú wọn. Ilé-ìwé tuntun ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú JAMB, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti gbé e lọ. Ọmọ tí kò béèrè lè kàwé títí dé ìparí láìsí wàhálà kankan. Ọdún tó fẹ́ ṣe àgùnbánirọ̀ ni NYSC máa wo àkọsílẹ̀ JAMB, tí wọ́n máa rí i pé ilé-ìwé àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún tí ẹ wọlé parí kí ẹ tó tẹ lẹ́tà JAMB tuntun yẹn jáde. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ fásitì kì í gba ọmọ tí ilé-ìwé mìíràn lé, tàbí ẹni tí ọdún kan péré kù fún láti parí.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mi ò gbàgbé yín o. Lẹ́tà ìṣípòpadà àti káàdì èsì tó ní òǹtẹ̀ lẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba lẹ ń kúrò tàbí lẹ ń lọ, abẹ́ Education District III ni Etí-Ọ̀sà, Ìbẹ̀jú-Lekki, Ẹ̀pẹ́ àti Erékùṣù Èkó wà, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Falomo. Ti SS ló gba ìṣọ́ra jù. WAEC máa ń gba máàkì ìgbéléwọ̀n láti ọwọ́ ilé-ìwé, ti SS1, ti SS2 àti ti SS3. Bí ọmọ bá kúrò láìmú ti SS1 àti SS2 dání, níbo ni ilé-ìwé tuntun ti fẹ́ rí i? Kí ẹ má sì bínú bí ilé-ìwé gidi bá ń fojú ìfura wo ọmọ tó fẹ́ wọ SS3 lójijì. Àwọn tó ń sá lọ síbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn kọ ìdánwò ló fà á.

Bí ilé-ìwé bá ti yí orúkọ padà ńkọ́? Ìyẹn ṣẹlẹ̀ lọ́nà tiwa níbí. Ẹni tó kàwé ní MOCPED, ilé-ìwé àwọn olùkọ́ tó wà ní Noforija, Ẹ̀pẹ́, kò ní rí orúkọ yẹn mọ́ lẹ́nu géètì. Láti ọdún 2022, MOCPED àti ilé-ìwé àwọn olùkọ́ ti Adéníran Ògúnsànyà ti di fásitì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ LASUED. Ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà LASUED lẹ ó kọ̀wé sí, kí ẹ sì dárúkọ ilé-ìwé àtijọ́ àti ọdún tí ẹ wà níbẹ̀ sínú lẹ́tà.

Àwọn kan wà tí ìṣòro tiwọn ju orúkọ lọ. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù Kẹrin 2023, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Khartoum sá wálé. JAMB kéde ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọ fásitì nílé níbí, àmọ́ ta ni yóò fi transcript ránṣẹ́ láti ìlú tí ìbọn ti ń dún? Ọmọ tó ti ya fọ́tò èsì rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, tó fi pamọ́ sínú ímeèlì, ṣì ní nǹkan tó lè gbé síwájú èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí lójú ogun, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní. Fóònù ṣáà wà lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku ẹni tó ti kí wọn, tó ti kọ̀wé, tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kò sì dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ lẹ́tà kejì, ẹ so fọ́tòkọ́pì ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Bí wọn kò bá tún dáhùn, ẹ lọ bá olórí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì rẹ́jísítírà gan-an. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ibi tí SERVICOM wà, iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Òfin tún wà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fún ẹni tó béèrè àkọsílẹ̀ lésì. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 sì fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má rò pé àwọn òfin yìí ní kí wọ́n ṣe transcript fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ẹ má sì fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi lọ́yà ṣe ìkíni, ìdáhùn lọ́yà ni yóò gbà, tìyẹn sì máa ń pẹ́.

Ti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Kánádà àti ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ àpò ìwé dídì àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé lókè òkun gùn ju àsìkò tó kù lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n bá ti dá transcript rẹ̀ padà láti ọ̀hún rí, kó tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi dá a padà dè wá, a fẹ́ kà á lórí afẹ́fẹ́.